Wọ́n ti wọ ìméèlì bàbá wa, ẹ gbà wá o: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe nínú ilé?

Àbíkẹ́yìn_Ilé
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń kánjú díẹ̀. Bàbá wa jókòó ti láptọ́ọ̀pù wọn, wọ́n ń ka ìròyìn jẹ́ẹ́jẹ́ wọn, àfi bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe ṣàdéédé di pupa fòò tó ń pariwo, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, kí wọ́n má pa á o, kí wọ́n tètè pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. Bàbá pè é. Ẹni tó gbé e ní iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà lòun ti ń sọ̀rọ̀, ohùn tútù, ó ní kí wọ́n dáńlóòdù áàpù kan kí òun lè bá wọn tún un ṣe láti ọ̀dọ̀ òun. Ìgbà tí màmá fi máa wọlé, àmì ìtọ́ka ti ń rìn fúnra rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń ṣí ibi tẹ́nì kankan ò ní kó ṣí, ni màmá bá tẹ̀ ẹ́ pa.

A rò pé ó ti tán. Lọ́jọ́ kejì ni Google ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ pé ẹnì kan wọ ìméèlì bàbá láti orí ẹ̀rọ tá ò mọ̀ rí.

Ohun tó wà nínú ilé nìyí: láptọ́ọ̀pù yẹn (Windows 10, ó ti pẹ́), fóònù Android bíi mẹ́ta, tábúlẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà tó ń lo wáì-fáì, àti ráútà tẹ́nì kankan ò tíì wo inú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni bàbá ń lò fún gbogbo nǹkan, orúkọ màmá pẹ̀lú ọdún ìgbéyàwó wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá bàbá wí lórí ẹ̀, ó ní ká ra antivirus ó parí. Èmi ní ká fọ kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ pátápátá, ká pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ ká tún un tò. A ti fẹ́ máa jà lórí ẹ̀. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ gan-an?

Ìyá_Ìbejì
Ẹ yọ láptọ́ọ̀pù yẹn kúrò lórí wáì-fáì ná, ẹ má tíì tàn án. Ẹ pe báńkì bàbá lónìí yìí, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ni kẹ́ ẹ pè o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì rí lórí Google, torí àwọn gbájúẹ̀ náà ń gbé nọ́ńbà tiwọn síbẹ̀. Kí bàbá má sì dá ẹni yẹn lóhùn mọ́, wọ́n máa tún pè, wọ́n á ní àwọn fẹ́ dá owó padà tàbí àwọn fẹ́ parí iṣẹ́ táwọn bẹ̀rẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe
@Àbíkẹ́yìn_Ilé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí bàbá. Gbogbo yín ń wo láptọ́ọ̀pù, mo mọ̀, àmọ́ ìméèlì ni mo máa kọ́kọ́ gbá mú tó bá jẹ́ èmi ni. Ìdí ni pé ìméèlì yẹn ni gbogbo àkáǹtì yòókù fi mọ bàbá. Ẹni tó bá ti wà nínú rẹ̀, kí ló fẹ́ fi páásíwọ́ọ̀dù Facebook wọn ṣe? Ó kàn máa tẹ "mo ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù" ni, líǹkì á bọ́ sínú ìméèlì, òun náà á tẹ líǹkì, àkáǹtì ti di tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lá á ṣe máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má fi láptọ́ọ̀pù yẹn ṣe é o. Tí wọ́n bá ti fi nǹkan tó ń ka ohun téèyàn ń tẹ̀ síbẹ̀, tuntun tẹ́ ẹ bá fi sí i, àwọn náà ló máa kọ́kọ́ rí i. Ẹ lo fóònù ẹnì kan nínú yín tó ń lo dátà tirẹ̀, ẹ fi wáì-fáì ilé sílẹ̀ títí ẹ máa fi yẹ ráútà wò.

Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, ibi táwọn èèyàn máa ń fi mọ nìyẹn, wọ́n á sì máa yà wọ́n lẹ́nu pé olè ṣì wà nínú ilé. Ẹ lọ sí apá ààbò nínú àkáǹtì Google wọn, ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀, èyí tẹ́ ò bá dá mọ̀, ẹ lé e jáde. Ẹ wo nọ́ńbà àti ìméèlì tí wọ́n fi ń gba àkáǹtì padà, ṣé ti bàbá ṣì ni àbí wọ́n ti fi tiwọn rọ́pò. Ẹ wo àwọn áàpù tí wọ́n gbà láàyè láti ka ìméèlì náà, yọ gbogbo èyí tí bàbá ò bá lè sọ ohun tó wà fún. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí Gmail lórí bíráósà kọ̀ǹpútà ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, torí áàpù orí fóònù kì í fi gbogbo ètò hàn, ẹ wọ Settings, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Forwarding sí àti ibi tí wọ́n kọ Filters sí. Tí wọ́n bá ti ní kí ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà bàbá máa lọ sọ́dọ̀ wọn, pípààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ò lè dá ìyẹn dúró láé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wa.

Ẹ̀gbọ́n_Dára
Gbogbo èyí dáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹ sọ nípa antivirus kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Ẹ sanwó fún èyí tó gbóná, kó máa ṣọ́ gbogbo ẹ̀rọ ilé, ọkàn á balẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe
@Ẹ̀gbọ́n_Dára ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ṣẹlẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kọ́ ló wọlé, bàbá ló ṣílẹ̀kùn fún èèyàn. Irú áàpù tí wọ́n ń ní kéèyàn gbé sórí kọ̀ǹpútà, AnyDesk tàbí TeamViewer, iṣẹ́ gidi làwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti òkèèrè ń lò wọ́n lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí antivirus ò fi ní pariwo tó bá rí wọn. Windows sì ti ní antivirus tirẹ̀, Defender, nínú láìsan kọ́bọ̀, ó tó fún ilé púpọ̀ tí wọn ò bá ti pa á. Owó antivirus yẹn, ẹ fi ra díìsìkì tẹ́ ẹ máa fi kó ẹ̀dà fáìlì pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Dára
Ó dáa, mo gbọ́. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn tó ń sanwó ń rí ìdènà líǹkì burúkú nínú ẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì nìkan.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe
Òótọ́ ni. Bíráósà náà ń ṣe díẹ̀ nínú ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́ sá.

Olùkọ́_Àgbà
Ẹ ṣòfin sílé: gbogbo páásíwọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ yí padà lóṣooṣù, kó ní lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ wa.

Ẹyẹ_Òwúrọ̀
@Olùkọ́_Àgbà ẹ jọ̀ọ́ sà, òfin yẹn ti gbó. NIST tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ látọdún 2017 pé kí wọ́n má máa fipá mú èèyàn pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù lóòrèkóòrè àyàfi tí àmì bá wà pé ó ti já sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ní kéèyàn máa pààrọ̀ lóṣooṣù, á kàn máa fi 1, 2, 3 kún ìdí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ni. Gígùn ló ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún tí kò bára tan, tẹ́ ẹ kàn ṣà jọ láti inú ìwé ní ṣíṣí-ojú-ìwé-tó-bá-wù-yín, ó le ju P@ssw0rd1 lọ fíìfíì, ó sì rọrùn láti rántí. Ẹ má lo òwe o, ẹ má lo ẹsẹ Bíbélì tàbí orin, ohun táwọn ẹlòmíràn ti mọ̀ lódindi kì í ṣe àṣírí mọ́.

Àti pé kí ti ìméèlì yàtọ̀, kí ti báńkì yàtọ̀, kí ti ibi ìtajà yàtọ̀. Ibi tí páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ti ń pani lára nìyẹn: wọ́n jí ti LinkedIn kó lọ́dún 2012, ọdún 2016 ló tún yọjú, ó lé ní 100 mílíọ̀nù àkáǹtì tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó rà á sì ń gbé e lọ dán wò lórí ìméèlì àti ibòmíràn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ti bàbá ti wà nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ àdírẹ́sì ìméèlì wọn sí Have I Been Pwned, Troy Hunt ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2013, ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í bi yín ní páásíwọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó rí i.

Olùkọ́_Àgbà
Hmm. Màá bá àwọn ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ta ló máa wá rántí ogójì páásíwọ́ọ̀dù tó yàtọ̀ síra?

Ìyá_Ìbejì
Ìwé! Ìwé kékeré ni mo rà fún bàbá tèmi, wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn.

Kóòdù_Lásán
Ìwé ké? Lásìkò tá a wà yìí? Ẹ lo áàpù tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, Bitwarden wà lọ́fẹ̀ẹ́, KeePassXC náà wà. Òun fúnra rẹ̀ á máa bá yín ṣẹ̀dá wọn, ẹ̀yin á kàn rántí ẹyọ kan tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Ohun mìíràn tó tún dáa nínú ẹ̀, tí bàbá bá já sí ojú ewé ayédèrú tó jọ ti báńkì wọn, áàpù yẹn ò ní kọ páásíwọ́ọ̀dù sí i, torí àdírẹ́sì ló ń wò, kì í wo àwọ̀ àti àwòrán bíi tàwa èèyàn.

Ìyá_Ìbejì
@Kóòdù_Lásán olè tó wà ní òkè òkun ò lè na ọwọ́ wọ dúrọ́ọ̀ bàbá mi. Áàpù tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ṣebí wọ́n wọ ọ̀kan nínú wọn, LastPass, lọ́dún 2022, wọ́n sì gbé ẹ̀dà àpótí páásíwọ́ọ̀dù àwọn èèyàn lọ. Kí n wá máa kọ́ ẹni tó lé ní àádọ́rin ọdún ní áàpù tuntun? Wọ́n á padà sí orúkọ màmá lọ́jọ́ kẹta.

Ẹyẹ_Òwúrọ̀
Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ló jóòótọ́ o. Àpótí LastPass tí wọ́n gbé yẹn, títì ló wà, ẹni tí páásíwọ́ọ̀dù àgbà rẹ̀ gùn tó sì le, iṣẹ́ ńlá ni láti ṣí i, ẹni tí tirẹ̀ bá kúrú ló wà nínú ewu. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tí kò fẹ́ áàpù, ìwé dáa ju páásíwọ́ọ̀dù kan fún gbogbo ayé lọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ o, fọ́tò á gba ọ̀dọ̀ ìtọ́jú orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ láìròtẹ́lẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà lórí ìwé, ẹ ò tíì dárúkọ ìgbésẹ̀ kejì.

Ẹ tan ìjẹ́rìísí onígbèésẹ̀ méjì sórí ìméèlì yẹn lónìí, kó máa bèèrè kóòdù lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù. Èyí tó ń wá nípasẹ̀ SMS dáa ju kò sí lọ, àmọ́ wọ́n lè tan àwọn oníléeṣẹ́ fóònù kí wọ́n gbé nọ́ńbà yín sórí síìmù mìíràn, kóòdù yín á wá máa bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ẹ lo áàpù tó ń ṣe kóòdù lórí fóònù fúnra rẹ̀, Google Authenticator tàbí irú rẹ̀, tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30, kò nílò síìmù rárá.

Kóòdù_Lásán
Mo fara mọ́ ọn, pẹ̀lú àtúnṣe kan. Kóòdù orí áàpù náà, wọ́n ń jí i. Ojú ewé ayédèrú á ní kẹ́ ẹ tẹ páásíwọ́ọ̀dù, á ní kẹ́ ẹ tẹ kóòdù, lójú ẹsẹ̀ náà ló ń gbé méjèèjì lọ sí ojú ewé gidi, kí ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn tó pé ó ti wọlé. Passkey, kọ́kọ́rọ́ inú fóònù tó ń rọ́pò páásíwọ́ọ̀dù, ni kò ṣeé tàn báyìí. Apple, Google àti Microsoft jọ kéde lọ́dún 2022 pé àwọn máa gbé e lárugẹ, ó ti wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù báyìí. Ìka ọwọ́ tàbí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń ṣí fóònù lẹ máa lò, kọ́kọ́rọ́ yẹn sì so mọ́ àdírẹ́sì ojú ewé tẹ́ ẹ fi ṣe é, tí àdírẹ́sì bá yàtọ̀ ní lẹ́tà kan, kò ní dáhùn. Fún bàbá, ìyẹn gan-an ló rọrùn jù, torí kò sí ohun tí wọ́n máa rántí, kò sì sí ohun tí wọ́n lè kà fún gbájúẹ̀ lórí fóònù.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tẹ àwọn kóòdù ìpamọ́ tí Google máa ń fúnni sórí ìwé. Ìyá Ìbejì, dúrọ́ọ̀ yín wúlò níbẹ̀ yẹn 😂

Àbíkẹ́yìn_Ilé
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. A ti ṣe ti ìméèlì. @Atúnkọ̀ǹpútàṣe ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo ṣí ibi Filters yẹn. Wọ́n ti ṣe ọ̀kan síbẹ̀ pé lẹ́tà yòówù tí orúkọ báńkì bàbá bá wà nínú ẹ̀, kó gba inú Trash lọ tààrà, kí wọ́n má sì rí i. Àdírẹ́sì kan tá ò mọ̀ sì wà níbi Forwarding. A ti yọ méjèèjì. Nínú Trash la ti wá rí i pé ẹnì kan ti bèèrè fún páásíwọ́ọ̀dù tuntun níbi ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Báńkì ti dí káàdì, kò sí owó tó tíì jáde. Passkey ti wà lórí fóònù bàbá, ìka ọwọ́ wọn ni wọ́n ń lò, inú wọn dùn sí i jù wá lọ.

Láptọ́ọ̀pù ló kù, pẹ̀lú ráútà.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe
Ẹ kú iṣẹ́ o. Filter yẹn ni wọ́n fi ń ra àkókò, kí ìkìlọ̀ báńkì má tètè dé ojú bàbá.

Onílé_Kejì
Láptọ́ọ̀pù ò nílò kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ o. Ẹ yọ áàpù tí wọ́n gbé sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí Defender yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó ní irú èyí tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn, Defender Offline, ìyẹn á rí ohun tó bá sá pamọ́. Fífọ gbogbo ẹ̀ dà nù jẹ́ wàhálà fún ẹni tí fọ́tò gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ wà níbẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe
@Onílé_Kejì tó bá jẹ́ pé líǹkì kan lásán ni wọ́n tẹ̀, ǹ bá gbà pẹ̀lú yín. Àmọ́ ẹnì kan ti jókòó sórí kọ̀ǹpútà yìí bí ẹni pé tirẹ̀ ni, a ò mọ ohun tó ṣí, a ò mọ ohun tó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá wọlé báyìí sábà máa ń fi ọ̀nà méjì mẹ́ta sílẹ̀ kó lè padà. Fọ̀ ọ́ mọ́ jàre. Fáìlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó: fọ́tò, lẹ́tà, PDF. Ẹ má kó áàpù tàbí fáìlì tó parí sí .exe. Ẹ sì mọ̀ pé Windows máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́ fúnra rẹ̀, fáìlì tó ń jẹ́ ìwé-owó.pdf.exe á hàn bí ìwé-owó.pdf lásán, ẹ lọ sí View nínú File Explorer kẹ́ ẹ ní kó máa fi gbogbo rẹ̀ hàn.

Ọ̀rọ̀ Windows 10 náà wà níbẹ̀. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ètò àfikún tí wọ́n ṣe. Tí láptọ́ọ̀pù bàbá bá ní TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kékeré inú kọ̀ǹpútà) àti àwọn ohun yòókù tí Windows 11 ń béèrè, ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Tí kò bá ní, tó sì jẹ́ pé ìròyìn àti ìméèlì nìkan ni wọ́n ń lò ó fún, Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, á gbé e dáadáa. Àwọn kan á ní àtúnṣe sọ́fútíwíà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. WannaCry tó ba kọ̀ǹpútà jẹ́ kárí ayé lóṣù karùn-ún 2017, Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tó gbà wọlé jáde látoṣù kẹta ọdún náà. Àwọn tí kò tíì gbé e wọlé ló mú.

Tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe tán, ẹ ṣe àkáǹtì méjì sórí rẹ̀: ọ̀kan tó jẹ́ alákòóso tí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lásán tí bàbá á máa lò. Nígbà náà, tẹ́nikẹ́ni bá tún ní kí wọ́n gbé áàpù tó fẹ́ fọwọ́ kan ètò kọ̀ǹpútà sórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà á bèèrè páásíwọ́ọ̀dù yín kó tó gbà. Kì í dí gbogbo áàpù o, àwọn kan wà tó ń ṣiṣẹ́ láìbéèrè, AnyDesk gan-an lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n lè bà jẹ́ á dín kù.

Ìyá_Ìbejì
Díìsìkì tẹ́ ẹ bá kó fáìlì sí, ẹ yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ bá ti parí o. Àwọn tó ń ti fáìlì mọ́ni kí wọ́n tó bèèrè owó ìtúsílẹ̀, gbogbo ohun tó bá wà lára kọ̀ǹpútà nígbà yẹn ni wọ́n ń tì pọ̀.

Olùkọ́_Àgbà
Ti ráútà: ẹ fi orúkọ wáì-fáì pamọ́ kí aládùúgbò má rí i, kẹ́ ẹ sì ṣètò rẹ̀ pé ẹ̀rọ tí àdírẹ́sì MAC rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan) wà lákọọ́lẹ̀ nìkan ló lè wọlé. Ẹ máa pa á kẹ́ ẹ tún tàn án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú. FBI gan-an ní kí àwọn èèyàn pa ráútà kí wọ́n tún tàn án lọ́dún 2018.

Kóòdù_Lásán
Sà, ẹ má bínú, mo tún dé. Orúkọ tẹ́ ẹ fi pamọ́, ẹni tó bá ní irinṣẹ́ á rí i, fóònù yín ló sì máa wá máa pe orúkọ yẹn kiri níbikíbi tó bá dé. Àdírẹ́sì MAC, ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀ kò tó iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ti FBI jẹ́ òótọ́, sọ́fútíwíà burúkú kan, VPNFilter, ni wọ́n ń bá jà, ó ti wọ ráútà bí 500,000, àmọ́ pípa-títàn yẹn ń fọ apá kan dà nù ni, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í lọ. Àtúnṣe inú ráútà àti páásíwọ́ọ̀dù tuntun ló ń parí ẹ̀.

Ohun tí mo máa ṣe ni kí n wọ inú ráútà yẹn, àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ń gbà wọlé sábà máa ń wà lára rẹ̀ lẹ́yìn, kí n pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù alákòóso. Mo ní alákòóso o, ó yàtọ̀ sí ti wáì-fáì. Mirai, sọ́fútíwíà burúkú tó dojú ọ̀pọ̀ ojú ewé ńlá dé lọ́jọ́ 21 oṣù kẹwàá 2016, kò gbọ́n ju kó máa dán orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù bí 60 tí iléeṣẹ́ fi sórí ẹ̀rọ wò lọ, admin/admin àti irú wọn, ó fi kó kámẹ́rà àti ráútà ilé àwọn èèyàn jọ, ó ní kí wọ́n jọ máa lu ibì kan. Àwọn tó ni wọ́n ò tiẹ̀ mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé sọ́fútíwíà tuntun wọlé, níbi ìtìpa wáì-fáì ẹ yan WPA3, tí kò bá sí kẹ́ ẹ yan WPA2 pẹ̀lú AES, kẹ́ ẹ sì pa ètò tó ń jẹ́ kéèyàn darí ráútà láti ìta. Ẹ pa WPS náà, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fi PIN wọ wáì-fáì. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni PIN rẹ̀, àmọ́ láti 2011 ni wọ́n ti rí i pé bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìdajì-ìdajì, ìgbìyànjú 11,000 péré ló kù fún ẹni tó fẹ́ já a.

Tí ráútà bá gba wáì-fáì àlejò, kámẹ́rà àti tábúlẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, kí fóònù àti láptọ́ọ̀pù wà lórí èkejì. Tí kámẹ́rà bá bàjẹ́ lọ́wọ́ olè, kò ní ráyè yọjú sí ibi tí iṣẹ́ gidi wà.

Ẹ̀gbọ́n_Dára
Ẹ sì ra VPN.

Ẹyẹ_Òwúrọ̀
@Ẹ̀gbọ́n_Dára ẹ̀gbọ́n wa ẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa ra nǹkan 😂 VPN ń fi ibi tẹ́ ẹ ń lọ pamọ́ fún iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín ni, ẹni tó ń ta VPN fún yín ló wá ń rí i dípò wọn. Kò ní dá gbájúẹ̀ dúró tí bàbá bá tún pè é.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bàbá, torí nǹkan tí mo rí nínú gbogbo èyí nìyẹn. Ojú pupa yẹn, ojú ewé lásán ni, kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan nígbà yẹn. Ẹ jókòó tì wọ́n kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe lè jáde: kí wọ́n di Esc mú fún ìgbà díẹ̀, tí kò bá lọ, Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí wọ́n pa bíráósà níbẹ̀, tí ìyẹn náà bá ṣòro, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì iná títí á fi kú. Microsoft kì í kọ nọ́ńbà fóònù sínú ìkìlọ̀ rẹ̀ láéláé, tí nọ́ńbà bá ti wà níbẹ̀, irọ́ ni. Tó bá tún jẹ́ pé ìkìlọ̀ kéékèèké ló ń yọ ní igun kọ̀ǹpútà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tẹ "Allow" fún ojú ewé kan rí, ẹ wọ apá Notifications nínú bíráósà kẹ́ ẹ pa gbogbo ẹ̀.

Àmọ́ ẹ má bá wọn wí o. Mo ń sọ ọ́ torí bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ kọ. Ojú ti ń ti àgbàlagbà tí wọ́n bá tàn án, tẹ́ ẹ bá tún wá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìgbà tó ń bọ̀ wọ́n á fi pamọ́ fún yín, wákàtí mélòó kan tó yẹ kẹ́ ẹ fi dí káàdì á sì ti lọ. Ẹ kàn bá wọn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n kọ́kọ́ pe ọ̀kan nínú yín kí wọ́n tó pe nọ́ńbà èyíkéyìí tó bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, ì báà jẹ́ láàárín òru.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ ṣeun fún ìyẹn jàre. Ẹ fi kún un pé kóòdù nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́, a kì í kà á fún ẹnikẹ́ni, kódà kó jẹ́ nọ́ńbà àbúrò ẹni ló bèèrè rẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba ti àbúrò náà. Ẹ tan PIN ìgbésẹ̀ kejì inú ẹ̀ fún bàbá àti màmá, kẹ́ ẹ sì wo Linked devices bóyá kọ̀ǹpútà àjèjì wà níbẹ̀. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gbé áàpù tí kò wá láti Play Store wọlé, ẹ pa á. Áàpù géèmù tó bá ń tọrọ Accessibility, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, àyè yẹn ni wọ́n fi ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ tí wọ́n sì fi ń tẹ bọ́tìnnì lórúkọ yín.

Àbíkẹ́yìn_Ilé
Mo ti fi ti Ẹyẹ_Òwúrọ̀ han ẹ̀gbọ́n mi, ó dákẹ́. A ti fọ láptọ́ọ̀pù mọ́, Mint la gbé sórí rẹ̀ torí kò ní TPM, bàbá ní lẹ́tà ibẹ̀ tiẹ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìbéèrè ìkẹyìn: a wọ inú ráútà, admin/admin ni lóòótọ́ o! A ti pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ sọ́fútíwíà tó wà nínú ẹ̀, ọdún 2017 ló kẹ́yìn, kò sì sí tuntun lórí ojú ewé iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ṣé ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Kóòdù_Lásán
Rárá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí iléeṣẹ́ ò bá tún un ṣe mọ́, ihò tuntun yòówù tí wọ́n bá rí á wà bẹ́ẹ̀ títí ni. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè fún yín ní òmíràn. Títí ìyẹn á fi dé, ẹ pa UPnP (ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ inú ilé ṣílẹ̀kùn ráútà fúnra wọn) àti WPS, kẹ́ ẹ sì rí i pé kò ṣeé wọ̀ láti ìta. Kẹ́ ẹ tó gbé èyí àtijọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ dì í mú títí iná rẹ̀ á fi ṣẹ́jú, torí páásíwọ́ọ̀dù wáì-fáì yín ṣì wà nínú ẹ̀.

Àbíkẹ́yìn_Ilé
Ẹ ṣé o. Mo ń pè wọ́n lọ́la.